Àpò Ìwé Ikú: Àyẹ̀wò Ilé Ìkàwé Àdáni Kan ní Yàbá

Ilé ìkàwé àdáni kékeré kan wà ní Yàbá, ní ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò tó já sí òpópónà Herbert Macaulay, tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn ìwé Yorùbá mọ̀ nípa rẹ̀. Kò ní pátákó lójú títì, wọn kì í sì í polówó. Ẹni tó bá sọ fún àwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá ní Sábó pé ibi tí wọ́n ti ń yáni níwèé ni òun ń lọ, wọn yóò gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló ni ín, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ni wọ́n sì jọ ń tọ́jú rẹ̀. Ìwé ìdánwò àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ló pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí pé òun ló ń mú owó wọlé, ṣùgbọ́n ohun tó mú mi kọ àyẹ̀wò yìí ni iṣẹ́ kan tí ìyá náà dá sílẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà. Ó máa ń so ìwé méjì méjì pọ̀ sínú àpò aṣọ kan, gbogbo wọn lórí ikú, pàápàá jù lọ lórí bí àwọn òpìtàn ṣe ròyìn ikú ẹnì kan àti bí àwọn òǹkọ̀wé eré tàbí ìtàn àròsọ ṣe tún ikú yẹn kan náà sọ.

Ètò rẹ̀ kò le rárá. ₦1,500 ni wọ́n ń gbà lórí àpò kan fún ọ̀sẹ̀ kan, a ó sì fi ₦5,000 dógò, èyí tí wọn yóò kà lé wa lọ́wọ́ láìyọ kọ́bọ̀ bí a bá dá ìwé padà tí kò ya tí kò sì bàjẹ́. Àdìrẹ ni wọ́n fi rán àpò náà, ó ní okùn lẹ́nu. Inú rẹ̀ ni a ó ti bá ìwé méjì tí wọ́n fi bébà bò lẹ́yìn, bí a ti ń bo ìwé nígbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti ìwé pélébé kan láàárín àwọn méjèèjì. Ìyá fúnra rẹ̀ ló ń fi bírò kọ ọ̀rọ̀ inú ìwé pélébé náà, lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ó dúró ṣánṣán, ó sì fi àmì ohùn sí gbogbo ọ̀rọ̀ láìfo ọ̀kan. Ìbéèrè ló ń kọ síbẹ̀. Èyí tó wà nínú àpò àkọ́kọ́ tí mo yá kà báyìí: "Ta ló pa Ẹfúnṣetán? Nínú ìwé méjèèjì yìí, èwo lo gbà gbọ́, kí sì nìdí?" Bí ìwé kan bá jẹ́ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó máa ń kọ kókó ibi tó yẹ kí a kà sẹ́yìn ìwé pélébé náà ní Yorùbá, ó sì máa ń fi nọ́ńbà ojú-ìwé sí i, kí ẹni tí kò ráyè ka gbogbo rẹ̀ tán lè mọ ibi tí yóò ṣí.

Àpò Ẹfúnṣetán yìí ni mo fi ń wọn gbogbo ìyókù. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ ni ọ̀kan nínú rẹ̀, ìwé eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá, Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tó jáde ní ọdún 1970, sì ni èkejì. Àwa tí a ka ìwé eré yẹn ní ilé ẹ̀kọ́ girama, tàbí tí a ti wò ó lórí ìtàgé, mọ ìtàn náà dáadáa: Ìyálóde Ìbàdàn tí kò fẹ́ kí ẹrú rẹ̀ kankan lóyún, tí Adétutù ẹrú rẹ̀ torí oyún bọ́ sí ọwọ́ ikú, títí tí àwọn ìjòyè fi ká a mọ́lé, tí wọ́n mú un, tí òun fúnra rẹ̀ sì gbé májèlé jẹ nígbà tí ẹ̀tẹ́ bá a. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pa ara rẹ̀, òǹwòran sì lè dìde lọ sílé pẹ̀lú èrò pé ẹjọ́ ti parí síbi tó yẹ kó parí sí.

Johnson kò sọ bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé tirẹ̀, ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, fi kan Ìyálóde ní ọdún 1874 kò kan ẹrú kankan. Ó ní kò bá òun lọ sójú ogun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun nígbà tí òun wà lọ́hùn-ún, kò sì jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi láti kí òun kú àbọ̀. Wọ́n yọ Ìyálóde lóyè ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, ó san owó ìtanràn tí wọ́n bù fún un, ó bẹ̀bẹ̀, síbẹ̀ ọkàn Ààrẹ kò balẹ̀. Nígbà tí oṣù kẹfà ń parí lọ, wọ́n fi owó ra àwọn tó sún mọ́ ọn nínú ilé, àwọn ẹrú rẹ̀ gba òkè àjà sọ̀ kalẹ̀ tọ̀ ọ́ lóru níbi tó sùn sí, wọ́n sì pa á. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ ìwádìí, àwọn ẹrú tó jẹ́ iṣẹ́ yẹn ni wọ́n pa. Ẹni tó rán wọn kò bá wọn kú.

Èmi ti ka ìwé méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ni kí ènìyàn kà wọ́n pọ̀ nínú ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, kí ìwé pélébé yẹn sì wà láàárín wọn. Johnson náà kò fi ìkà Ẹfúnṣetán pamọ́. Ó sọ pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí kú sórí ìkúnlẹ̀ ní ọdún 1860, àti pé láti ìgbà náà ni ọkàn rẹ̀ ti le sí àwọn ẹrú rẹ̀, pàápàá àwọn tó bá lóyún. Nítorí náà, Ìṣọ̀lá kò hùmọ̀ ìkà náà. Ohun tó ṣe ni pé ó mú ìkà náà, ó sì fi ṣe ohun tó fa ikú rẹ̀. Eré náà lágbára gidigidi, n kò sì rò pé òǹkọ̀wé eré jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ìtàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá kà á ní kíláàsì lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀ pé òṣèlú wà nínú ikú obìnrin yìí, àti pé eré náà ti gba ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn apànìyàn, ó sì ti fi májèlé lé ẹni tí wọ́n pa lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a ti ń kọ́ ìwé yẹn ní ilé ẹ̀kọ́, ìwọ̀nba olùkọ́ ló sì ń sọ èyí fún àwọn ọmọ. Ìyá oníléèkàwé yìí ti fi ìlà méjì péré sọ ọ́.

Ẹ̀yìn ìwé pélébé náà tún ní ohun kan tó wú mi lórí nípa Johnson fúnra rẹ̀. Ó kọ ìwé náà parí ní ọdún 1897, àwọn atẹ̀wé ní ìlú òyìnbó sọ ọ́ nù, ó sì kú ní 1901 láì rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tó ń ṣiṣẹ́ ìṣègùn nínú ìlú Èkó yìí, ló jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù, tó tún ìwé náà tò látìbẹ̀rẹ̀. Òun náà kú ní 1920. Ní 1921 ni ìwé náà jáde. Kò sí ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì tó fojú rí ìwé tí gbogbo wa fi ń jẹ́rìí ikú àwọn ẹlòmíràn.

Àpò tí mo yá tẹ̀ lé e ni ti Olókùn Ẹsin Ọ̀yọ́, ìjòyè tó ń bójú tó ẹsin Aláàfin, ìwé mẹ́ta ló sì wà nínú rẹ̀ dípò méjì: Ọba Wàjà tí Dúró Ládípọ̀ gbé jáde ní 1964, Death and the King's Horseman tí Wọlé Ṣóyínká tẹ̀ jáde ní 1975, àti Ikú Olókùn Ẹsin, èyí tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá fi túmọ̀ iṣẹ́ Ṣóyínká sí Yorùbá ní 1994. Ìṣẹ̀lẹ̀ tí gbogbo wọn dìrọ̀ mọ́ kò gùn láti sọ. Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù, tó ti wà lórí oyè láti 1911, wàjà ní oṣù kejìlá ọdún 1944. Àṣà sì ni pé kí Olókùn Ẹsin bá ọba rẹ̀ lọ. Nígbà tí ọdún 1945 ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, Olókùn Ẹsin wọ aṣọ funfun, ó ń jó kiri Ọ̀yọ́ láti ṣe ohun tí wọ́n ti ń retí lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti gba oyè, ni Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó bá pàṣẹ pé kí wọ́n mú un, kí ó má baà kú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló kú dípò rẹ̀.

Ìbéèrè tí ìyá kọ síbẹ̀ ni: "Níbo ni ọmọ yìí ti ń bọ̀?" Mo kọ́kọ́ rò pé ìbéèrè náà kéré sí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, àfi ìgbà tí mo kàwé tán. Nínú eré Ládípọ̀, Gánà ni Dáwúdù ti ń ṣòwò nígbà tó gbọ́ pé ọba ti wàjà, tó sì múra wálé. Nínú ti Ṣóyínká, ìlú òyìnbó ni Olúndé ti ń kọ́ṣẹ́ dókítà, ó sì ti rí bí àwọn òyìnbó fúnra wọn ṣe ń kú lójú ogun àgbáyé kejì. Ìyàwó òyìnbó tó jẹ́ Ajẹ́lẹ̀ sọ fún un nípa ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan tó bá ọkọ̀ rẹ̀ lọ kí ewu inú ọkọ̀ náà má baà pa àwọn ará èbúté. Obìnrin náà kà á sí àdánù, Olúndé sì rí ohun ìwúrí níbẹ̀. Ibẹ̀ ni Ṣóyínká ti bọ́ gbogbo àríyànjiyàn kúrò ní àṣà Ọ̀yọ́ nìkan, tó fi dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni tó bá gbà láti kú kí àwọn mìíràn lè yè. Ó sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà pé òun sún ìtàn padà sí àkókò ogun, ó sì kìlọ̀ fún àwọn tó bá fẹ́ ṣe eré náà pé kí wọ́n má ṣe sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìjà àṣà dúdú àti funfun lásán. Níbẹ̀ náà ló ti pe ọdún ìṣẹ̀lẹ̀ náà ní 1946, ìyá sì fa ìlà sábẹ́ 1944 àti 1945 lórí ìwé pélébé láìsọ ohun kankan mọ́.

Ibi kan wà tí èmi àti ìyá kò ti fẹnu kò. Ó kọ ọ́ pé kí a ka Ṣóyínká ṣáájú. Èmi rò pé Ọba Wàjà ló yẹ kó ṣáájú. Ìlù àti orin ni wọ́n fi gbé eré Ládípọ̀ ró, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ìbànújẹ́ ìlú ló sì wà níwájú rẹ̀, débi pé ẹni tó bá ti kà á tán yóò mọ ohun tó wà nílẹ̀ kí Ṣóyínká tó wá fi ọgbọ́n orí ṣe ìbéèrè lé e. Ẹni tó bá fi Ṣóyínká bẹ̀rẹ̀ lè rò pé ti Ládípọ̀ ṣákìí. Kò ṣákìí rárá. Mo sì dábàá fún wọn pé kí wọ́n kọ nípa fíìmù tí Biyi Bándélé ṣe lórí iṣẹ́ yìí sínú ìwé pélébé náà, nítorí èdè Yorùbá ló fi ṣe é, ọ̀dọ̀ọ́ tí kò lè ka eré lè fi í bẹ̀rẹ̀. Bándélé fúnra rẹ̀ kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, kí fíìmù náà tó jáde.

Àpò Ṣàngó kò gbà mí lákòókò. Johnson tún ni, àti Ọba Kò So ti Dúró Ládípọ̀. Johnson sọ pé àrá tí Ṣàngó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pè ló jó ààfin, tó pa àwọn aya àti ọmọ rẹ̀, tí ìbànújẹ́ fi mú un fi ìlú sílẹ̀ tó sì para rẹ̀. Ládípọ̀ fi ìjà Tìmì àti Gbọ́nkáà, àwọn jagunjagun Ṣàngó méjì, sí ìdí ọ̀rọ̀, ó sì mú ọba náà gòkè di òrìṣà lójú gbogbo ènìyàn. Ìfiwéra náà dára, àmọ́ ọ̀pọ̀ wa ti mọ̀ ọ́n, ìwé pélébé rẹ̀ kò sì fi ohun tuntun kún un.

Àpò kan wà tí mo rò pé wọn kò tò dáadáa. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, tó jáde ní 1938, ni wọ́n so pọ̀ mọ́ The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tutùọlá tẹ̀ jáde ní 1952. Àròsọ ni méjèèjì, kò sí ìtàn gidi tí a lè fi yẹ̀ wọ́n wò, ìlànà tí ìyá fúnra rẹ̀ là sílẹ̀ sì ti yẹ̀. Síbẹ̀ adùn wà níbẹ̀. Nínú ti Fágúnwà, bàbá Àkàrà-Ògùn, ọdẹ tí ìtàn náà dá lé lórí, ta ìyá Àkàrà-Ògùn níbọn nígbà tí ìyẹn gbé àwọ̀ ẹranko wọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ikú ti wọ ilé náà láti ojú-ìwé àkọ́kọ́. Tutùọlá ní tirẹ̀, tó kọ ìwé rẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ òjíṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba nínú ìlú Èkó, sọ nípa ọkùnrin kan tí adẹ́mu rẹ̀ já bọ́ láti orí ọ̀pẹ tó sì kú, tí ọkùnrin náà sì wá a lọ títí dé ìlú àwọn òkú, níbi tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń fi ẹ̀yìn rìn. Kó tó dé ibẹ̀, ó ti kọ́kọ́ lọ sí ilé Ikú, ó fi àwọ̀n mú un, ó gbé e wá sí ìgboro, àwọ̀n sì já. Láti ọjọ́ náà ni Ikú kò ti nílé mọ́, tó wá ń rìn kiri láàárín wa. Ohun tí èmi ì bá fi ti ìwé yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ẹsẹ̀ Ifá, nítorí àwọn babaláwo ti ń pìtàn Ikú tipẹ́ kí Tutùọlá tó mú kálàmù: bí wọ́n ṣe pa ìyá Ikú sí ọjà Èjìgbòmẹkùn, àti bí inú ṣe bí Ikú nítorí rẹ̀. Tí Ikú fúnra rẹ̀ bá lè ṣọ̀fọ̀ ìyá, òǹkàwé yóò rí ohun tó pọ̀ bá Tutùọlá sọ.

Àpò tó kan àwa ará Èkó jù lọ ni ti Sẹ̀gilọlá, òun náà ló sì ní àléébù tó tóbi jù. Láàárín 1929 sí 1930 ni Isaac Babalọlá Thomas ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Obìnrin náà, tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, wà lórí àìsàn, ó mọ̀ pé òun kò ní pẹ́ lọ, ó sì ń ka ayé tó ti jẹ ní Èkó àti àwọn ọkùnrin tó ti bá lò lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú omijé, orin, àti ẹsẹ Bíbélì. Thomas ló kọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ lọ́nà tí ènìyàn yóò fi máa bójú wo ẹ̀yìn pé obìnrin yìí ha ṣì wà láàyè bí. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló kà á sí ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́, ó sì ṣáájú Fágúnwà ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ. N kò mọ ìwé Yorùbá mìíràn nígbà náà tí ẹni tó ń kú lọ ti fúnra rẹ̀ di ọ̀rọ̀ mú bẹ́ẹ̀. Ẹfúnṣetán kò rí ẹni bá a sọ tirẹ̀, Olókùn Ẹsin náà kò rí. Sẹ̀gilọlá sọ tirẹ̀ tán pátápátá, lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Ìwé kan ṣoṣo ni mo bá nínú àpò náà. Ìyá ní òun ṣì ń wá ìwé ìtàn tí òun yóò fi tì í. Mo rò pé ohun tó ń wá kò jìnnà sí i, bí ó bá lè fi ara balẹ̀ ṣe àkójọ kékeré kan fúnra rẹ̀. Ìlú Èkó tí Sẹ̀gilọlá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ la àjàkálẹ̀ àrùn 1918 kọjá ni, èyí tí ọkọ̀ ojú omi gbé wọ èbúté Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, tó sì pa ènìyàn lọ bẹẹrẹ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ní 1924, àrùn tí eku ń gbé kiri tún bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú kan náà. Itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ṣì wà ní Erékùṣù Èkó nígbà náà, níbi tí wọ́n sin ọ̀pọ̀ èèkàn ìlú sí, tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, tó kú ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891, sì wà lára wọn. Ìjọba ológun pa ibẹ̀ rẹ́ ní àwọn ọdún 1970, òkú Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ni wọ́n gbé lọ sí Cathedral Church of Christ ní Marina, ọ̀pọ̀ àwọn mìíràn kò sì ní àmì kankan mọ́ lónìí. Àti Adámú Òrìṣà, tí Èyò fi ń wọ aṣọ funfun káàkiri Ìsàlẹ̀ Èkó láti ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún ọba tàbí ẹni ńlá tó lọ: ọdún 1854 ni wọ́n ní wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún Ọba Akíntóyè, ẹni tó wàjà ní ọdún tó ṣáájú. Kò bójú mu kí ilé ìkàwé tó wà ní Yàbá ní àpò fún ikú Ìbàdàn àti ikú Ọ̀yọ́, kí ti Èkó sì wà ní ààbọ̀.

Àìtó kejì tó dùn mí ni pé gbogbo nǹkan náà wà nínú ìwé. Ohùn ni Yorùbá fi ń sìnkú. Ìrèmọ̀jé tí àwọn ọdẹ ń sun nígbà ìṣípà ọdẹ, ẹ̀sà tí eégún ń pè nígbà tó bá wọ agboolé olóògbé, oríkì tí obìnrin ilé ń ki sí òkú létí, ìwọ̀nyí ti wà ṣáájú Johnson àti Ìṣọ̀lá. Ta ni kò tíì gbọ́ ọ níbi òkú, "Bó o bá dọ́run, má jọ̀kùn, má jekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kó o bá wọn jẹ"? Ẹni tó ń sọ ọ́ ń bá ẹni tó lọ sọ̀rọ̀ tààrà, bí ìgbà tí ìyá ń kìlọ̀ fún ọmọ tó ń lọ sí ìlú àjèjì. Kò sí òpìtàn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá lè gba ohùn àwọn arẹ̀mọ̀jé díẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹni tó yá àpò lórí WhatsApp, iṣẹ́ náà yóò kún ju bí ó ti wà lọ.

Ní ti yàrá ìkàwé wọn, kò tù mí lára. Fáànù kan ló wà níbẹ̀, bí iná bá sì lọ, ariwo jẹnẹrétọ̀ ilé kejì kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohun tó ń rò. Ilé ni mo gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kó gbé àpò lọ. Ọ̀sẹ̀ kan kò tó fún ìwé Johnson, tí ojú-ìwé rẹ̀ lé ní 600, ẹni tó bá sì fẹ́ fi ọjọ́ kún un yóò san owó mìíràn. Mo rò pé ó yẹ kí wọ́n fún àpò tí Johnson bá wà nínú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tó burú jù ni pé fọ́tókọ́pì ni Johnson inú àpò Ṣàngó, àwọn ojú-ìwé kan ti já kúrò níbẹ̀, àwọn mìíràn sì dúdú tí ẹnikẹ́ni kò lè kà wọ́n. Mo sọ fún ọmọ ìyá, ó bẹ̀bẹ̀, ó dá ààbọ̀ owó padà fún mi lójú ẹsẹ̀ láìjẹ́ pé mo béèrè. Mo yìn wọ́n fún ìyẹn.

Nǹkan kan wà tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tí n kò rí ní ilé ìkàwé kankan rí. Mo jókòó níbẹ̀ nígbà tí ọmọkùnrin kan wọlé.

"Ẹ káàsán, mà."

"Káàsán, ọmọ mi. Èwo lo fẹ́?"

Ó ní àpò Olókùn Ẹsin ni. Ìyá ti fà á yọ tán kó tó wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Ṣé kò sí ọ̀fọ̀ nílé o?"

Ọmọkùnrin náà dákẹ́ díẹ̀. "Bàbá mi ni, mà. Oṣù tó kọjá ni wọ́n ṣaláìsí."

"Pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á tù yín nínú, á tọ́jú Màmá fún yín." Ó dá àpò náà padà sórí pẹpẹ, ó sì mú òmíràn. "Èyí tó o fẹ́ yẹn lè dúró. Mú eléyìí ná, má sanwó ẹ̀. Bó o bá kà á tán, wá bá mi sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀."

Àpò Fágúnwà àti Tutùọlá ló gbé fún un, èyí tí mo sọ pé wọn kò tò dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ronú kan ọkùnrin inú ìwé Tutùọlá, tó rin gbogbo ọ̀nà yẹn lọ bá òkú rẹ̀, tí òkú náà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, tó fún un ní ẹ̀bùn, tó sì sọ fún un pé òun kò lè bá a padà sílé, mo rí i pé ìyá mọ ohun tó ń fún ọmọ náà. Ìlànà tirẹ̀ ló yẹ̀, ìyẹn kò yí padà, àpò náà sì wúlò fún ẹni tó gbà á lọ́jọ́ yẹn ju gbogbo ìyókù lọ.

Ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń ṣí, láti agogo mẹ́wàá àárọ̀ títí di márùn-ún ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì máa ń tì ní agogo méjì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Àpò Ẹfúnṣetán ni mo gba ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ nímọ̀ràn pé kó béèrè, kó sì ka Johnson ṣáájú Ìṣọ̀lá. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà, kì í pẹ́ lórí pẹpẹ, nítorí náà kó fi orúkọ sílẹ̀ fún un lọ́wọ́ ọmọ ìyá, kó sì ṣí ojú-ìwé wò níwájú wọn kó tó sanwó.